Tíṣà Tí Kì í Jókòó

Ẹni tó bá wọ ilé wa lẹ́yìn Old Garage ní Òṣogbo, kó má wulẹ̀ bi mí pé àga wo ni ọkọ mi ń jókòó lé. Kò ní àga. Àga wà ní pálọ̀ o, mo sì ń nu eruku orí wọn ní Sátidé, ṣùgbọ́n ìdí ọkùnrin yẹn kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Orí ìrìn ló ti ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀. Bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á gbé e lọ sójú fèrèsé, á tún ti ojú fèrèsé gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, èérún á sì máa tẹ̀ lé e káàkiri ilé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń gbá èérún, ó sì ti sú mi tipẹ́. "Bàbá Jọmílójú, ẹ fara balẹ̀," ni mo máa ń wí. Mo wí i títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Jọmílójú ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ó rò pé Farabalẹ̀ lorúkọ bàbá òun.

Elisha Ògúnṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Iwaraja ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní oríta tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà létí oríta yẹn. Ó sọ fún mi pé bí òun ṣe ń dàgbà, gbogbo ohun tí òun ń rí ló ń lọ síbì kan: ọkọ̀ ń lọ, èrò ń lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀pà pàápàá ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ó ní ta ló máa wá jókòó níbẹ̀? Mo ní gbogbo ará Iwaraja yòókù jókòó, òun nìkan ni kò rí àga. Bí ọkàn rẹ̀ bá gbóná, á ki Ìjẹ̀ṣà bọnu, á máa pe ilé ní ulé, èmi á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó kọ́ wọn ní Iléṣà, ó wá parí iṣẹ́ sí Òṣogbo níbí. Gbogbo ọ̀gá ilé ìwé tó bá ṣiṣẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò kàn lè bá a ṣèpàdé ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé ó máa jókòó wàyí. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ra ọ̀dà dúdú, ó fi kun ògiri fàráńdà mi láìbi mí, ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Fàráńdà yẹn kan náà ni mo ti ń ránṣọ. Télọ̀ ni mí. Maṣíìnì mi jẹ́ irú ti àtijọ́, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó irin nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì bìkítà bí iná bá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ ṣe wá ń gbé fàráńdà kan pẹ̀lú ẹni tí kì í jókòó rárá.

Fọ́dà ni àwọn ọmọ ń pe ohun tó ń kọ́ wọn. Ìṣirò tó le ju ìṣirò tí gbogbo wọn ń ṣe lọ ni, àwọn tó bá fẹ́ di ẹnjiníà ló sì máa ń ṣe é nílé ìwé girama. Kí wọ́n tó gba ọmọ síbẹ̀, wọ́n á dán an wò. Èmi ò lọ jìnnà nínú ìṣirò, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nídìí maṣíìnì ni mo ṣe máa sọ ọ́. Wọ́n á kọ nǹkan gbọọrọ kan sára ògiri, bíi x³ − 3x² − 10x + 24. Iṣẹ́ ọmọ ni kó tú u sí ègé-ègé, tó jẹ́ pé bí a bá fi àwọn ègé náà ṣe ìsọdipúpọ̀, wọ́n á padà di nǹkan gbọọrọ yẹn. Bí ìgbà tí mo bá tú bùbá sí apá, ọrùn àti ara ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú rírán rẹ̀ kì í hàn síta. O ní láti wá nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí o bá fi í dípò x, gbogbo rẹ̀ á di jíró. Bí o bá ti rí ọ̀kan, o ti rí ibi tí wàá ti fa òwú.

Nípa dídán nọ́ńbà wò ni wọ́n fi ń wá a. Kì í ṣe nọ́ńbà gbogbo o, àwọn tó bá lè pín nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn láìṣẹ́kù ni. Tíṣà mìíràn á ní kí àwọn ọmọ jókòó kí wọ́n ṣe é sínú ìwé. Ọkọ mi ò mọ ìyẹn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní jíró nìyẹn. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, o dé oókan. Bí o bá fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, o dé oókan òdì. Ibi tí o bá dúró sí, wàá ṣírò rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Bó bá di jíró, gbogbo wọn á pariwo pé, "Ó balẹ̀!", èmi á sì fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. Wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, bí èrò tí ẹrù rẹ̀ sọnù ní gáréèjì. Ẹnì kan tó ń kọjá bi mí lọ́jọ́ kan pé irú ìjọ wo la dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, àwọn ọmọ náà ń gbọ́ ọ yé, kò sì sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Èyí tó gbọ́ ọ yé jù nínú wọn ni Kàdíjátù, ọmọ Jibril Rájí, káfíńtà tó ń kan àga ní Òkè-Baálẹ̀. Ọmọ tín-ín-rín ni, híjáàbù rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ń rìn lórí ìlà yẹn. Afárá ló fẹ́ máa kọ́. Ó ní lọ́dọọdún ni àgbàrá máa ń bo ọ̀nà tó lọ sílé ìyá bàbá òun, tí wọ́n á sì máa gbé màmá àgbà náà pọ̀n sọdá bí ọmọ ìkókó. Wọ́n ti sọ fún un níléèwé pé ẹni tí kò bá ṣe Fọ́dà kó má fojú sí ẹnjiníà. Nítorí náà, Fọ́dà ló ń fi gbogbo ara wá. Ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀, bíi ti ọkọ mi gẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì sì yé ara wọn dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n á dán wọn wò níléèwé pé. Kàdíjátù jókòó sínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oní-x³ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó wò ó, nọ́ńbà kankan kò wá sí i lọ́kàn. Ó tún un wò. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dìde, ó ti gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó ń sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó fà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Awwal, tíṣà Fọ́dà tiwọn, ló ń ṣọ́ wọn. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ń jíwèé wò, ó sì lé e síta lójú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Jibril Rájí wọlé tọ̀ wá wá, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n àyà mi kọ́kọ́ já.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Jọmílójú. Tíṣà ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, Bàbá Kàdíjá. Wọ́n ń rìn."

"Ìrìn yẹn gan-an ni mo bá wá."

Ọkọ mi ti gbóhùn rẹ̀, ó ti jáde. Jibril gbé ayùn sílẹ̀. "Tíṣà, àga ni mo ń kàn jẹun. Gbogbo Òkè-Baálẹ̀ ló ń jókòó lórí àga mi. Ọmọ tèmi nìkan ni kò lè jókòó, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ ọ. Wallahi, ọmọ yìí ò jíwèé wò rí. Ó ń sunkún láti ìgbà tó ti dé, ó ní òun ò lọ síléèwé yẹn mọ́."

Mo ń retí kí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó máa bọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró sójú kan gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ so kọ́lẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí jù bí ẹ̀rù ayùn ṣe bà mí lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n lọ rí tíṣà wọn."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣàlàyé fún Ọ̀gbẹ́ni Awwal, ó tún rìn ín fún un láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, títí àwọn kan fi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Awwal kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó kàn fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò ni. Ó ní bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, òun ò mọ̀. Òun á fún Kàdíjátù ní ìbéèrè mìíràn ní Fúráídè, lórí àga tó kọjú sí òun. Bó bá yanjú rẹ̀, a jẹ́ pé kò jíwèé wò, ó ti wọ Fọ́dà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ bá fi kúrò lórí àga, kó gba kíláàsì àwọn yòókù lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì wá bẹ òun mọ́.

Ẹ wá wo ìran nílé wa. Ọkọ mi gbé tábìlì kan àti àga méjì wá sí fàráńdà, ó kọjú àwọn àga náà síra. "Kàdíjá, ó yá, kí á jókòó," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó. Orúnkún ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tábìlì ń gbọ̀n tẹ̀ lé e, ife omi tó wà lórí rẹ̀ ṣubú. Ó fò dìde láti gbé ife, kò sì padà. "Ẹ jókòó!" Èmi nìyẹn. Ó padà jókòó. Kò pẹ́ tó tún wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti dìde. Ní ti Kàdíjátù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ògiri títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Sà, mi ò rí wọn mọ́," ló wí. "Tí mo bá ti jókòó, gbogbo nọ́ńbà á jókòó pa pọ̀ síbì kan náà."

Ọkọ mi ní kó máa lọ sílé. Òun náà bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo tẹ̀ lé e. Ó ń yí kànga po.

"Morónkẹ́, mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́," ló wí. "Àrùn tó ń ṣe mí ni mo kó ràn án. Ṣebí kí n ti wà ní ulé ní Iwaraja kí n máa lẹ táyà."

Nígbà tí mo gbọ́ ulé yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Mo ti ń bá ìrìn rẹ̀ jà láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé òun náà ń bá a jà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi, mo padà sídìí maṣíìnì mi, mo sì já òwú lulẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, kò sí ọmọ mìíràn tó wá àyàfi Kàdíjátù. Ọkọ mi ń lọ ó ń bọ̀ níwájú ògiri. Ọmọ náà ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ oníbàárà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Etí aṣọ náà wọ́ sílẹ̀, ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ, Kàdíjátù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bọ̀. Orí mi gbóná. Mo dìde, mo di ọmọ náà mú léjìká, mo fi í jókòó sórí àga maṣíìnì mi.

"Jókòó síbẹ̀! Bí ẹsẹ̀ bá ń yún ẹ, pátákó rèé nísàlẹ̀, máa tẹ̀ ẹ́!"

Ìbínú ni mo fi sọ ọ́. N kò ro nǹkan kan. Ọmọ náà bẹ̀rù mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé pátákó. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri, níbi tí x³ − 3x² − 10x + 24 wà. Ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹ pátákó síwájú lẹ́ẹ̀kan. "Oókan: méjìlá," ló wí. Ó fi gìgísẹ̀ fà á padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. "Oókan òdì: ọgbọ̀n." Ó tún fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Maṣíìnì mi ń hó, abẹ́rẹ́ ń gún afẹ́fẹ́. "Eéjì..." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Sà, ó balẹ̀!"

Ọkọ mi wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó wo ìdí rẹ̀ tó wà lórí àga digbí. Ó wá wo èmi, ó sì pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Mo yọ bẹ́líìtì ara maṣíìnì náà kí wọ́n má bàa bà á jẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Ó pẹ́ kí n tó ráyè ran aṣọ oníbàárà yẹn, ó sì fi ẹnu rẹ̀ nà mí dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ Kàdíjátù ti mọ pátákó, ọkọ mi gbé e kúrò níbẹ̀, ó fi í sórí àga lásán, ó ní kó máa fi bàtà wọ́ ilẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, síwájú, sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń rìn yí i ká, ó ń wí pé, "Má jẹ́ kí ìdí rẹ kúrò o. Má jẹ́ kó kúrò."

Ní Fúráídè, wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun rárá, ọkọ mi ti wà lẹ́nu géètì ilé ìwé náà. Mo ti ilẹ̀kùn ilé, mo tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ ẹni tí mo fẹ́: ó lè wọnú gbọ̀ngàn lọ kó lọ máa di àga mọ́ ọmọ náà nídìí. Oòrùn mú. Pèpéle símẹ́ǹtì kan wà lábẹ́ igi níbẹ̀, mo jókòó, mo ní kó jókòó. Ó lọ dé òpó iná, ó bọ̀, ó tún lọ, títí ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi bi mí bóyá kò sí nǹkan.

Kàdíjátù jáde. Kò sáré, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fún ẹ?"

"2x³ + x² + 5x − 3, sà."

Ojú ọkọ mi ṣú. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mi ò tíì kọ́ ọ ní ìyẹn." Gbogbo èyí tó ti ń fún wọn látẹ̀yìn wá, x³ lásán ló máa ń wà níwájú. Èyí tí nọ́ńbà bá wà níwájú x³ rẹ̀ ṣòro díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń wá lè má jẹ́ odidi nọ́ńbà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wàhálà tó dé, ìkọ́ṣẹ́ jíjókòó sì gba gbogbo àyè lọ́wọ́ wọn. Mo ń bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Awwal láìnídìí.

"Mo dán oókan wò, sà," Kàdíjátù ń wí. "Ó jẹ́ márùn-ún. Oókan òdì, mẹ́sàn-án òdì. Ẹẹ́ta, márùndínlọ́gọ́rin. Ẹẹ́ta òdì, mẹ́tàlélọ́gọ́ta òdì. Nọ́ńbà tán lọ́wọ́ mi. Ó wá ń ṣe mí bí kí n dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Sà Awwal ń wò mí."

Ọkọ mi fi ọwọ́ ṣe àmì sí i pé kó máa bá a lọ.

"Mo bá fi ẹsẹ̀ padà sí jíró. Ní jíró, sà, mẹ́ta òdì ló jẹ́. Ní oókan, márùn-ún ni. Mo wá rò ó pé, ìsàlẹ̀ jíró ni mo ti gbéra, òkè jíró ni mo bá ara mi. A jẹ́ pé mo ti gba ojú ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ẹsẹ̀ tí mo gbé ló gùn jù." Ó fi orí bàtà rẹ̀ fa ilẹ̀ níwájú wa, ó dá a dúró láàárín. "Mo gbé e dé ìdajì. Ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́rin di ààbọ̀. Ààbọ̀ àti méjì àbọ̀ di mẹ́ta. Mo yọ mẹ́ta kúrò. Ó balẹ̀, sà. 2x − 1 ni ègé kan, x² + x + 3 ni ègé kejì, ìyẹn ò sì ṣe é tú mọ́."

Èmi ni mo bèèrè. "Kí ni Sà Awwal wá wí?"

"Wọ́n wo ìwé mi, Mọ́mì. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Wọ́n ní kí n mú ìwé Fọ́dà wá ní Mọ́ńdè, àti pé kí n má bínú sí àwọn."

"Ṣé o dìde?" ọkọ mi bèèrè, bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹ́kù.

"Rárá, sà. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló lọ."

Ó kúnlẹ̀ fún wa, ó sì sáré lọ sí Òkè-Baálẹ̀ láti sọ fún bàbá rẹ̀, híjáàbù ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yíjú padà láti bá ọkọ mi yọ̀, n kò rí i níbi tó dúró sí. Ó ti jókòó. Orí pèpéle símẹ́ǹtì náà ló wà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró tì í, mo rò pé á dìde. Àwọn ọmọ ilé ìwé jáde tán, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti géètì, ọkọ mi ò dìde. Mo rántí ilé. Mo rántí oníbàárà mi, mo rántí bẹ́líìtì maṣíìnì tí n kò tíì fi padà. Mo rìn dé òpó iná, mo padà wá, mo ní ẹ dìde ká máa lọ, oòrùn ń lọ. Mo tún rìn dé òpó náà, mo tún padà.

"Morónkẹ́," ló wí, "fara balẹ̀."